Fìlà Jagunjagun, Orí Akẹ́kọ̀ọ́

Òórùn tíì ni mo fi ń rántí ìgbà náà, tíì tí kò sí ẹni tó fẹ́ mu ún. Ìkòkò ńlá kan máa ń hó lórí ààrò lẹ́yìnkùlé Àlàájà, omi inú rẹ̀ a dúdú kirikiri, a ó sì máa ti fìlà funfun bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ti iṣu bọ omi. Bí a bá yọ ọ́, a ó fi dé orí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó bu erùpẹ̀ pupa sí i, a ó fi ọwọ́ rà á dáadáa, a ó wá gbé e kọ́ sókè ẹ̀fín. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá a dúró, a wò wá, a mi orí, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà tí mo ń ṣe é máa ń mi orí nígbà mìíràn, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ fìlà ni mo bá wá sí Ìlọrin.

Eré ni mo bá wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde ní yunifásítì tó wà ní Malete ni, eré orí ìtàgé ni mo kọ́, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohùn tó dà bí tèmi láti Ọ̀mù-Àrán tí wọ́n ti bí mi títí dé Ìlọrin. Nínú yàrá tí mo gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà Garage, mo máa ń dúró níwájú jígí, màá fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ ṣe idà, màá máa bú ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀, títí obìnrin tó wà ní yàrá kejì yóò fi gbá ògiri pé kí n jọ̀ọ́, ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mo ka ìyẹn náà mọ́ àtẹ́wọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà nígbà náà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa fi ogun àtijọ́ han àwọn ènìyàn. Kì í ṣe eré inú gbọ̀ngàn o. Orí pápá ni, pẹ̀lú ẹṣin gidi. Àwọn ọkùnrin á múra bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń múra lọ sójú ogun, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á kírun, wọ́n á wá kọlu ara wọn. Ẹni tó yẹ kó kú á kú, bó bá sì yá á dìde lọ mu omi. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, lórí pápá kan ní GRA, tí àwọn èèkàn ìlú á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tí gbogbo ayé á gbé fóònù sókè.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá eré pé èmi ni wọ́n ń wá. Ọkùnrin kúkúrú ni, orí rẹ̀ pá, ó ń dán. Ó ní kí n ké bí Balógun tó ń pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ. Mo ké. Ó ní kí n tún un ké. Mo tún un ké, iṣan ọrùn mi le. Ó wò mí tàánútàánú.

“Ojú rẹ jọ ti Balógun lóòótọ́,” ló wí, “ṣùgbọ́n ohùn rẹ jọ ti ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó fọwọ́ lé mi léjìká pé kí n lọ bá Àlàájà nídìí fìlà, pé ó ń wá ọwọ́ ọkùnrin. Ó ní bí àyè bá yọ láàárín àwọn òṣèré, èmi ni òun yóò kọ́kọ́ pè. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí nìkan ni mo gbọ́. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ Balógun sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gba ìdí fìlà lọ bí ẹni tó kàn fẹ́ dúró síbẹ̀ kí òjò dá.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti bàbá mi. Tíṣà àgbà ni wọ́n ní Ọ̀mù-Àrán, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í pariwo, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ju ti aláriwo lọ. Wọn ò bá mi jà rí lórí eré tí mo lọ kọ́. Wọ́n kàn pè mí lọ́jọ́ kan pé àwọn ti bá mi wá ààyè olùkọ́ sí ilé-ìwé kan nílé, àwọn ará ibẹ̀ á sì dè mí di ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé lẹ́yìn Iléyá.

“Màá wá wo eré tí ò ń sọ yìí,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá rí ọ níbẹ̀, tí mo sì rí i pé iṣẹ́ ni, màá panu mọ́. Bí mi ò bá rí ọ, wàá bá mi wọ ọkọ̀ padà sílé.”

Mo ní ó dáa, sà. Kí ni mo tún lè wí? Láti ìgbà náà lọ, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jí, mo máa ń gbàdúrà pé kí nǹkan ṣe ẹni tí wọ́n fi ṣe Balógun. Kì í ṣe nǹkan ńlá o, kí ó kàn jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kó lè gun ẹṣin.

Àlàájà ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nílé-ìwé fún ọdún gbọọrọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó sanra, ó láwàdà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà kì í sinmi. Òun ló ń rán gbogbo fìlà ẹgbẹ́ náà: fìlà pupa gíga tí àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń wé láwàní mọ́, akẹtẹ̀ aláwọ fún àwọn ọlọ́fà, àti èyí tó pọ̀ jù, fìlà àwọn jagunjagun ẹlẹ́sẹ̀, tí a máa ń ki òwú sínú rẹ̀ tí a ó sì rán an mọ́lẹ̀ gátagàta kó lè gba ọfà dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Àlàájà kì í fọwọ́ kan orí ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè rán fìlà fún gbogbo ọkùnrin Ìlọrin, kò ní fi ìka kan etí ẹyọ kan nínú wọn. Ìdí nìyí tó fi ń wá ọwọ́ ọkùnrin. Ojú jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ jẹ́ tèmi.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin tó ni fìlà á jókòó sórí àpótí, èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, Àlàájà á dúró lókèèrè, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa sọ̀rọ̀.

“Sún un sẹ́yìn. Ó ti pọ̀ jù. Dá a padà. Apá ọ̀tún ń ṣubú, ṣé o ò rí i ni? Ọmọ Ìgbómìnà, ṣé fìlà lò ń dé fún un ni àbí ò ń dé ìkòkò?”

Ọmọ Ìgbómìnà ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé Ọ̀mù-Àrán ni mo ti wá. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní “Àlàmúdùlílàhì,” èmi á fi abẹ́rẹ́ àti òwú sàmì síbi tí ìgbàtí inú fìlà, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di orí mú, yóò gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹní kan wà nílẹ̀ nínú yàrá náà, ẹni tó dé fìlà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí rẹ̀ kó forí kanlẹ̀ bí ẹni ń kírun. Bí fìlà bá bọ́, ó tóbi lẹ́yìn. Bó bá wálẹ̀ bo iwájú orí, ó jìn níwájú. A ó tú u, a ó tún un ṣe, ọkùnrin náà á tún forí kanlẹ̀. Àlàájà ní fìlà tí kò jẹ́ kí iwájú orí ó kan ilẹ̀, ẹrù ni, kì í ṣe fìlà. Ó sì nídìí mìíràn. Nínú eré náà gan-an, àwọn jagunjagun máa ń kírun lójú gbogbo èrò kí wọ́n tó gbéra lọ sógun. Bí fìlà bá yí gbirigbiri lọ lórí pápá nígbà ìforíkanlẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn máa rín, wọn ò sì ní rí ogun kankan mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọjọ́ tí kò bá sí òṣèré nítòsí, orí tèmi la fi ń dán fìlà wò. Èmi tí ìyá mi jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo forí kanlẹ̀ lórí ẹní Àlàájà títí eékún mi fi mọ ọ̀nà. Àlàájà a máa rẹ́rìn-ín.

“Ó kù díẹ̀,” á wí, “kí n wá orúkọ tuntun fún ọ.”

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀gá eré, ìyẹn náà ni ọ̀rọ̀ tíì. Ọ̀gá eré a ní jagunjagun wo ló fi fìlà tuntun lọ sógun, ṣé ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ ni? Àlàájà a pa òṣé. Ó ní láti kékeré lòun ti ń ránṣọ kó lè mọ́, ọkùnrin yìí ní kóun rán an tán kóun wá bà á jẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó gbà láti bà á jẹ́, ó fi ìmọ̀ bà á jẹ́. Ó kọ́ mi pé ibi tí ọwọ́ ń dì mú nígbà tí a bá ń ṣí fìlà ló ń kọ́kọ́ pọ́n, pé òógùn a máa yọ láti inú wá síta ni, kì í ti ìta wọnú, pé ẹ̀yìn fìlà ẹni tó ń sùn lábẹ́ igi kì í dà bí ẹ̀yìn fìlà ẹni tó ń sùn lórí ẹní. A máa ń jókòó wo fìlà kan pé ta ló ni ín, níbo ló ti bá a rìn, ṣé ó láya. A ó wá fi tíì àti erùpẹ̀ dáhùn. Bí mo bá ń ṣe é lọ, mo máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè pé kí ni mo ń ṣe níbẹ̀, mo máa ń sọ pé mo kàn ń dúró de ààyè mi nínú eré ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ ènìyàn lè wà nínú ọbẹ̀ kó máa béèrè iyọ̀.

Nígbà tí oṣù Iléyá lé, ọ̀gá eré kó gbogbo àwọn òṣèré wá fún ìwọ̀n ìkẹyìn. Àwọn ẹlẹ́ṣin jẹ́ ará ìlú, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti Malete, àbúrò mi ni wọ́n jẹ́, irun wọn kún bí igbó. Mo fi òwú wọn orí wọn, mo ta kókó sí òwú kọ̀ọ̀kan, Àlàájà sì gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. A rán an, a dán an wò lórí ẹní, ọ̀kan kò bọ́, ọ̀kan kò bojú. Àlàájà ní irú fìlà báyìí, bí ìjì bá jà, orí ni yóò lọ, fìlà á dúró.

Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìlọrin ti mọ ohun tí a gbàgbé. Láti ìgbà tí oṣù Iléyá bá ti lé, ẹni tó bá fẹ́ pa ẹran kì í gé irun, kì í gé èékánná, títí yóò fi du àgbò rẹ̀. Bó bá ti wá du ú tán, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní adìẹ, ká má tíì sọ àgbò, ń bá wọn dá irun sí, wọ́n sì ń bá wọn fá a. Èmi ò mọ̀, ọmọ ìjọ ni mí. Àlàájà mọ̀ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà ló ń wò, kò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọn ò sọ fún wa bí a ó ti ṣe bí olórí bá lọ fá orí rẹ̀ lẹ́yìn onífìlà.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni eré. A dé pápá náà lẹ́yìn ìrun Àyìlà, a to àwọn fìlà sórí tábìlì lẹ́yìn àtíbàbà, wọ́n dúdú, wọ́n gbó, wọ́n rẹwà. Mo yọjú wo àwọn àga, mo rí bàbá mi tí wọ́n ti dé, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n fi agboòrùn sáàárín ẹsẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo bá àwọn jagunjagun tí wọ́n ń wọlé bọ̀, gbogbo orí ń dán bí abọ́ táńganran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Àlàájà gbé ọwọ́ lé àyà. “Sùbùhánálàhì,” ló wí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ dé tirẹ̀, ó wálẹ̀ dé imú. Ẹnì kejì dé tirẹ̀, ohùn rẹ̀ wá láti inú fìlà. “Àlàájà, mi ò mà rọ́nà o.” Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fìlà bojú, wọ́n ń kọlu ara wọn, ogun ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀tá tó dé.

Àárín ìyẹn la wà tí ọ̀gá eré fi sáré wọlé. Ó ní Balógun ti jẹ ẹran Iléyá ju bó ti yẹ lọ, inú rẹ̀ ti dàrú, kò lè kúrò ní ilé ìyàgbẹ́, ká má tíì sọ pé yóò gun ẹṣin. Ó yí sí mi.

“Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣe kíá, lọ wọṣọ.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. Àdúrà mi gbà! Mo gba agbádá Balógun, mo gbé e sápá, mo ti ń rí i bí bàbá mi yóò ṣe yọ awò ojú wọn nù kí wọ́n lè wò mí dáadáa. Bí mo ṣe yí padà, mo rí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin tó mú abẹ́rẹ́, tó fẹ́ ran Àlàájà lọ́wọ́. Ó gún ọmọ kan létí, ọmọ náà lọgun. Àlàájà dúró lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń tọ́ka fún un pẹ̀lú àgbọ̀n pé ibí kọ́, lókè díẹ̀, ọkùnrin náà kò sì mọ ohun tó ń wí. Ojú Àlàájà bá tèmi.

“Máa lọ, ọmọ mi,” ló wí. “Ọlọ́hun á ṣe é.”

Ká ní ó bẹ̀ mí pé kí n dúró ni, mo rò pé ǹ bá lọ. Ó ní kí n máa lọ, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Mo wo àwọn fìlà náà. Mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo mọ èyí tó sùn lábẹ́ igi, mo mọ èyí tó láya. Mo wá rò ó pé àwọn èrò yẹn máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Mo na agbádá náà sí ọ̀gá eré.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, sà. Ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín.”

“Èmi?” ló wí. Ó wò mí, ó wo fìlà, ó wo orí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó gba agbádá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a nílò ni aṣọ tí a ó ká sínú fìlà kó lè fún mọ́ orí. Mo rántí òṣùká tí àwọn ìyá wa máa ń ká sórí kí ẹrù má baà yẹ̀. Àlàájà ní òun náà ti rò ó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yí orí ká, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni, kí iwájú orí lè rí ilẹ̀. Aṣọ wo? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àga àwọn èèkàn ìlú tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. “Bísímílàhì,” ló wí, ó sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bọ́ ọ. Wọ́n ní kí àwọn tó ti jókòó jọ̀ọ́, kí wọ́n dìde díẹ̀. Mi ò yọjú wo àwọn tó dìde.

Àlàájà ń gé e, ó ń ká a, ó ń jù ú sí mi. Èmi ń ki í sínú fìlà, mo ń gún un mọ́lẹ̀ nígbà tí fìlà ṣì wà lórí olórí. “Orí èyí gùn, fi kún un lẹ́yìn. Ìyẹn ò ní ìpàkọ́ rárá, fún un ní méjì.” Kò sí ẹni tí mo gún létí. Nígbà tí a ṣe tán, Àlàájà ní kí gbogbo wọn tò sórí koríko kí wọ́n forí kanlẹ̀ ká fi wò ó. Wọ́n tò, wọ́n kanlẹ̀. Bàbá kan tó ń ṣọ́ mọ́tò rí wọn, ó rò pé ìrun Alásárì ti tó, ó sáré bọ́ bàtà, ó tò sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un.

Eré bẹ̀rẹ̀. Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àtíbàbà tí wọn ò ti lè rí mi. Àwọn ẹlẹ́ṣin jáde, ariwo sọ. Ọ̀gá eré gun ẹṣin Balógun, ohùn rẹ̀ bú jáde láti inú ara kúkúrú yẹn, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀ ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó sọ̀rọ̀ iyọ̀. Wọ́n tò fún ìrun. Wọ́n tẹ̀ ba, mo di òpó mú. Wọ́n forí kanlẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, fìlà tó gbó bí èyí tí baba ńlá ẹnì kan dé kú kan koríko, ó sì dúró. Ẹyọ kan lápá òsì rọra fẹ́ yẹ̀. Kò yẹ̀. Wọ́n gbórí sókè, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń nu ojú.

Mo wo bàbá mi. Wọ́n jókòó sórí àga tí kò láṣọ, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo ojú àwọn jagunjagun náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òpin kan dé òpin kejì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wá. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Gbogbo ìgboyà tí mo fi na agbádá síta ti tán lára mi, mo sì mọ̀ pé ilé-ìwé ni ọ̀la mi wà.

Nígbà tí eré parí, wọ́n wá mi dé ẹ̀yìn àtíbàbà. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Mo wo gbogbo wọn lójú,” ni wọ́n wí. “Mi ò rí ọ.”

“Mi ò sí níbẹ̀, sà.”

Àlàájà kúnlẹ̀ kí wọn. “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Wọ́n pe ọmọ yín kó wá ṣe Balógun, ó ní rárá, fìlà lòun máa tọ́jú. Wàláhì, òun ni kò jẹ́ kí ojú tì wá lónìí.”

Bàbá mi mú fìlà kan lórí tábìlì, wọ́n yí i padà, wọ́n wo inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wo ìwé ọmọ ilé-ìwé tó ní òun ti ṣe iṣẹ́ òun. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ funfun tó wà nínú rẹ̀.

“Aṣọ àga mi nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.” Wọ́n tún yí i. “Kí ni kò jẹ́ kó bọ́ nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀? Mo ń wò ó, mo ń retí kó bọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo fi ìpàkọ́ hàn wọ́n, mo fi ìgbàtí hàn wọ́n, mo sọ ti òógùn, mo sọ ti ẹni tó ń sùn lábẹ́ igi. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gùn. Nígbà tí mo dákẹ́, bàbá mi ń wò mí, Àlàájà ń wo ilẹ̀. Bàbá mi wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn fẹ́ gbéra. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé báàgì mi.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ẹ ní bí ẹ ò bá rí mi, kí n bá yín padà sílé, sà.”

Wọ́n gbé fìlà náà padà sórí tábìlì, wọ́n sì tò ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. “Ta ni yóò wá fọ gbogbo ìwọ̀nyí?” ni wọ́n wí. “Màá sọ fún wọn nílé-ìwé kí wọ́n fún ẹlòmíràn.”

Ìgbà náà ti di ìgbà kan. Ojú Àlàájà kì í fẹ́ rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì, ó ń gba orí fóònù bú mi bó ti yẹ. Èmi ni mo ń rán fìlà fún ẹgbẹ́ náà nísinsìnyí, àti fún àwọn mìíràn tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí n tó fi òwú wọn orí rẹ̀ pé ìgbà wo ló máa fá a. Àwọn ènìyàn a máa bi mí bóyá eré kò wù mí mọ́. Ó ń wù mí. Bí mo bá dá wà, mo ṣì máa ń ké bí Balógun, ohùn náà ò sì tíì kúrò nídìí iyọ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tí ọkàn ènìyàn ń pariwo rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ fi sílẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ó sì sàn kéèyàn tètè wo ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi ti darúgbó. Ẹnì kan ká fọ́nrán eré ọjọ́ náà, ó sì wà lórí fóònù wọn. Àlejò tó bá wọlé wa ní Ọ̀mù-Àrán kò lè lọ láìwò ó. Wọ́n á gbé e sí i lójú, wọ́n á ní ọmọ àwọn wà nínú rẹ̀. Àlejò á sún mọ́ ọn, á máa wo àwọn jagunjagun náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní Bàbá, orí ẹṣin ni àbí ilẹ̀ ló wà, èwo nínú wọn ni?

Bàbá mi á dúró títí àwọn jagunjagun yóò fi forí kanlẹ̀.

“Má wo ojú wọn,” ni wọ́n máa ń wí. “Gbogbo orí tó o rí yẹn, òun ló wà níbẹ̀.”